Ọ̀fẹ́ Nìkan Kò Tó: Ìtàn Ìṣòro Gbígbé Ètò Kọ̀ǹpútà Aṣísílẹ̀ Dìde Lórí Ètò Adarí Tí Kò Wọ́pọ̀

Ìfáàrà

Ẹni tó bá gbọ́ pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtàn nílùú Ìwó yóò máa retí ìtàn àwọn Olúwòó, tàbí ìtàn bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe fìdí múlẹ̀ ní agbègbè odò Ọbà. Ìtàn kọ̀ǹpútà ni èmi mú wá. Kì í ṣe ìtàn àwọn tí kọ̀ǹpútà sọ di olówó ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe ìtàn àwọn tí wọ́n fún ní ètò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n gbé e délé, tí kò sì ṣiṣẹ́, nítorí pé ohun tó wà nílé wọn kì í ṣe irú èyí tí ẹni tó ṣe ètò náà ní lọ́kàn.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Àṣẹ láti lo nǹkan ọ̀tọ̀, agbára láti lò ó ọ̀tọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí àwọn ènìyàn kan ti ń jà fún àṣẹ náà, wọ́n sì ti rí i gbà dé ìwọ̀n tó pọ̀. Ìjà fún agbára kò tíì parí. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a wà ní Ìwó gan-an, nítorí pé nígbà gbogbo ni a máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n má ṣe ráhùn àìlówó mọ́, pé ètò tó dára jù lọ láyé wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lọ mú un. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Ààbọ̀ tó kù ni iṣẹ́ wa lónìí.

Àlàyé Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mélòó kan. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́n fún ara rẹ̀. Bí odídẹrẹ́ ni ó rí: ohun tí a bá kọ́ ọ nìkan ni yóò sọ. Àwọn ìlànà tí a kọ sílẹ̀ fún un, tí yóò máa tẹ̀ lé lẹ́sẹẹsẹ, ni mo ń pè ní ètò. Èdè tí ènìyàn lè kà ni a fi ń kọ ètò. Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ ni mo pe ohun tí a kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè yẹn. Ètò mìíràn, tí í ṣe ògbufọ̀, ni yóò túmọ̀ àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ sí èdè nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbọ́. Iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí, àti títo gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ di odidi kan tó ń ṣiṣẹ́, ni mo pè ní gbígbé ètò dìde.

Bí ẹni tó ṣe ètò kan bá fi àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tó sì fún wọn láṣẹ láti kà á, láti dà á kọ, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn, ètò aṣísílẹ̀ nìyẹn. Ètò adarí ni ètò àgbà tó dúró láàárín ẹ̀rọ àti gbogbo ètò yòókù. Òun ni baálé ilé. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ, òun ló ń sọ ibi tí fáìlì wà, òun ló sì ń gba ohun tí a bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Windows ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, Android ni wọ́n sì mọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí àwọn tó ń lò wọ́n kò pọ̀: FreeBSD, NetBSD, OpenBSD, Haiku. Bí ó bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì nìkan, Linux pàápàá wà lára wọn. Àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní ètò adarí tí kò wọ́pọ̀.

Ìwó Ti Rí Irú Rẹ̀ Rí

Kí a tó kọjá sí òkè òkun, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí pé ìṣòro mímú irinṣẹ́ ẹlòmíràn bá ilé ẹni mu kì í ṣe tuntun fún wa. Ìwó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibùdó ẹ̀kọ́ kéwú tó lókìkí ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ayé Ọba Momodu Làmúyè ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wọ ààfin pàápàá. Àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá kò fi lẹ́tà Lárúbáwá ka Kùránì nìkan. Wọ́n a máa fi kọ èdè Yorùbá pẹ̀lú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ajami. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́tà náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má lò ó. Ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni wọ́n ṣe é fún. Kò ní lẹ́tà fún gb, kò ní fún p. Àmì fáwẹ̀lì mẹ́ta ni ó ní, bẹ́ẹ̀ fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní. Kò sì ní àmì kankan fún ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Àáfà kọ̀ọ̀kan ní láti ta ọgbọ́n sí i. Nítorí pé kò sí àpéjọ kan tó kó ọgbọ́n wọn pọ̀ sójú kan, ohun tí àáfà kan kọ lè ṣòro fún àáfà ìlú kejì láti kà.

Àwọn tó mú lẹ́tà Róòmù wá bá ìṣòro kan náà pàdé. Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Baptist ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Yunifásítì Bowen tó wà ní Ìwó yìí, tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1858 lábẹ́ Smithsonian Institution. Lẹ́tà tó ti òkè òkun wá kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Dandan ni kí wọ́n wá àmì kún un. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àpéjọ kan wáyé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá. Ìgbìmọ̀ mìíràn jókòó ní 1966, ìlànà tí ìjọba tẹ́wọ́ gbà sì jáde ní 1974. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìjẹ̀bú fi lè ka ohun tí ọmọ Ìwó kọ láìbèèrè ìtumọ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀: ọgbọ́n tí ẹnì kan dá fún ara rẹ̀ nìkan, àti ọgbọ́n tí a gbé wá sí àárín àwùjọ.

Unix Di Nuxi

Ìtàn kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ ètò adarí kan tí a wá mọ̀ sí Unix. Ní ìgbà yẹn, ètò adarí àti ẹ̀rọ dà bí ìgbín àti ìkarahun rẹ̀. Èdè ẹ̀rọ kan pàtó ni a sábà fi ń kọ ọ́. Bí a bá ra ẹ̀rọ mìíràn, ètò àtijọ́ di asán. Ní 1973, wọ́n tún Unix kọ ní èdè C, tí Ritchie dá sílẹ̀. Èdè yìí ṣeé túmọ̀ fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ, bí a bá ti rí ògbufọ̀ fún wọn.

Ní 1977, Richard Miller, ní Yunifásítì Wollongong ní Australia, gbé Unix kúrò lórí ẹ̀rọ PDP-11 lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Interdata 7/32. Láàárín àkókò kan náà, àwọn ará Bell Labs fúnra wọn ń gbé e lọ sórí Interdata 8/32. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí Wollongong. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Unix sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ìmọ̀ sì wà lórí wọn. Yunifásítì tó jìnnà sí orísun ni, ó sì ṣe ohun tí orísun náà pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti ṣe.

Láti inú irú iṣẹ́ ìṣípò bẹ́ẹ̀ ni àwàdà kan ti jáde tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò gbàgbé títí di òní. PDP-11 a máa kó lẹ́tà méjì-méjì sínú àpótí kan, apá ìsàlẹ̀ àpótí ni ó sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ pé apá òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Unix lọ sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó yẹ kó hàn jẹ́ UNIX, ṣùgbọ́n NUXI ni ẹ̀rọ kọ síta. Kò sí ẹni tó purọ́. Ẹni tó kọ ètò náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ti ń lò. Gbogbo ìṣòro tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọmọ NUXI ni wọ́n: ohun tí ẹni tó kọ ètò kò sọ, nítorí pé kò mọ̀ pé ó yẹ ní sísọ.

Àlejò Tó Ń Béèrè Èèwọ̀ Ìlú

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, Richard Stallman kéde iṣẹ́ kan tí ó pè ní GNU. Èrò rẹ̀ ni pé kí odidi ètò adarí kan wà tí àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ògbufọ̀ GNU fún èdè C jáde ní 1987. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde Linux, tí ó kọ fún irú ọpọlọ ẹ̀rọ tí a ń pè ní 386. Báyìí ni àṣẹ tí mo ń sọ fìdí múlẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè gba ètò wọ̀nyí, kó sì ṣe wọ́n bí ó ti wù ú.

Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, oríṣiríṣi Unix ló wà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àṣà tirẹ̀. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan kì í dá ṣiṣẹ́ lórí èkejì. Ní 1991 kan náà, David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a ń pè ní Autoconf. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni èyí: kí ètò má ṣe dé inú ilé onílé kó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ògbufọ̀ wà nílé? Níbo ni àká wà, níbi tí a kó àwọn ètò kéékèèké tí gbogbo ètò jọ ń lò pamọ́ sí? Ṣé ẹ ń ka lẹ́tà láti òkè ni tàbí láti ìsàlẹ̀? Àlejò tó bá béèrè èèwọ̀ ìlú kí ó tó jẹun kì í sábà jẹ̀bi.

Ọgbọ́n yìí ran ayé lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Lára ohun tí àlejò náà máa ń gbé dání ni àkọsílẹ̀ kékeré kan, config.guess, tó ní orúkọ gbogbo ìlú tí ó mọ̀. Bí ó bá dé ìlú tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹnu-bodè ni yóò ti sọ pé òun kò mọ ibi tí òun dé, yóò sì padà. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀dà config.guess tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà náà sì ti gbó. Nítorí náà, nígbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ tuntun dé, bíi ARM oní-64 bíìtì àti lẹ́yìn rẹ̀ RISC-V, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò kọ̀ láti dìde lórí wọn, láìṣe pé wọn kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ ìlú nìkan ni kò sí nínú ìwé.

Nígbà Tí Ẹnì Kan Di Ńlá

Ní àwọn ọdún 1990, ẹni tó bá kọ ètò aṣísílẹ̀ mọ̀ pé oríṣiríṣi ilé ni ètò òun yóò wọ̀. Bí Linux ṣe ń gbilẹ̀, ìmọ̀ yìí ń dínkù. Ẹni tó bá ti gbé inú ilé kan láti kékeré yóò gbà pé bí gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú èso rẹ̀.

Lórí Linux, ètò lè wo inú àpò fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ /proc láti mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́; OpenBSD ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Lórí Linux, ọ̀pọ̀ ètò gbà pé bash wà ní /bin. Lórí FreeBSD, bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá fi bash sí i, /usr/local/bin ni yóò wà. Ètò make tí BSD ń lò kò gbọ́ gbogbo èdè tí make ti GNU gbọ́. Ní ti Haiku, tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ní 2001 láti jogún BeOS tó ń kú lọ, àká ìṣirò kò dá dúró bíi ti àwọn yòókù. Inú àká ńlá kan tí a ń pè ní libroot ni ó wà. Nítorí náà, bí ètò bá dé tó ń béèrè àká ìṣirò ní orúkọ rẹ̀ àtijọ́, wọn a sọ fún un pé kò sí. Ohun tó ń wá wà nínú ilé, orúkọ tí ó fi ń pè é ni kò bá ti ilé mu. Ní 2010, systemd dé, tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún Linux nìkan. Nígbà tí àwọn ètò ńlá tó ń ṣètò ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fara tì í, àwọn tó wà lórí BSD ní láti wá adípò fún un.

Kò sí èyí tó tóbi nínú wọn bí a bá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òkúta inú ìrẹsì ni. Ẹyọ kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó ní láti ṣa gbogbo rẹ̀ kò ní tètè jẹun. Èyí tó burú jù ni pé ṣíṣà rẹ̀ kì í tán. Àwọn tó ń tọ́jú ètò Chromium fún FreeBSD ní láti máa lẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àbùlẹ̀ mọ́ ọn kí ó tó lè dìde níbẹ̀. Nígbà tí Chromium bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, tí kì í sì pẹ́ jáde, wọ́n ní láti yẹ àbùlẹ̀ wọ̀nyẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé aṣọ tí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ti yí padà.

Ẹjọ́ Ẹni Tó Fúnni Lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá a dànù. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021. Ètò kan wà fún èdè Python tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cryptography, tó ń pa ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́ kúrò lójú olè. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fi èdè tuntun, Rust, kọ apá kan nínú ẹ̀dà 3.4. Ìdí wọn lágbára: Rust a máa dènà irú àṣìṣe kan tí àwọn olè ti ń gbà wọlé fún ọdún pípẹ́ nínú ètò tí a fi C kọ. Ṣùgbọ́n kò sí ògbufọ̀ Rust fún àwọn ẹ̀rọ àgbà kan bíi Alpha àti PA-RISC. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lò wọ́n kò lè dìde mọ́, ọ̀pọ̀ ètò mìíràn tó gbójú lé e sì bá a ṣubú. Ariwo ta. Àwọn kan ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn. Àwọn tó ni ètò náà ní ààbò àwọn tó pọ̀ jù lọ ni àwọn ń wò, àti pé àwọn kò lè máa tọ́jú ẹ̀rọ tí kò sí lọ́wọ́ àwọn.

Ní tèmi, àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ rere. Ẹni tó gbin igi sí ẹ̀bá ọ̀nà kí èrò lè rí ibòji kò jẹ wá ní gbèsè èso. Kò sí òfin kan tó ní kí ẹni tó ń fi òru rẹ̀ kọ ètò fún ayé lọ máa wá ẹ̀rọ tó ti gbó kiri. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ torí bẹ́ẹ̀ máa pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bí ètò bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nínú ìwé àṣẹ, tó sì jẹ́ pé àwọn tó ní ẹ̀rọ tuntun nìkan ló lè gbé e dìde, nígbà náà ilẹ̀kùn ṣí, àtẹ̀gùn ni kò sí. Àwọn tí kò rí àtẹ̀gùn náà gùn kì í sábà jẹ́ olówó.

Nàìjíríà Ní 2007

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní 2007, wọ́n kéde pé 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ṣe, tí wọ́n ń pè ní Classmate, yóò wọ ilé-ìwé Nàìjíríà pẹ̀lú Mandriva Linux lórí wọn. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún náà, François Bancilhon, tí í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ Mandriva nígbà náà ní ilẹ̀ Faransé, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, tó jẹ́ olórí Microsoft. Ó ní àwọn tó ra ẹ̀rọ náà ti sọ fún àwọn pé àwọn yóò san owó Mandriva, ṣùgbọ́n Windows ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ìròyìn tún jáde pé USPF, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ bùkátà 11,000 nínú ẹ̀rọ náà, ní Mandriva ni àwọn ṣì fẹ́. Àwọn ènìyàn jiyàn gan-an nípa ẹni tó jàre. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: nígbà tí àwọn àlejò bá parí ìjà wọn tí wọ́n sì padà sílé, ta ni yóò máa gbé ètò dìde fún àwọn ọmọ náà lórí ètò adarí yòówù tó bá kù sílẹ̀?

Ní ọdún kan náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Galadima, ní Abuja, gba kọ̀ǹpútà XO tí àjọ One Laptop per Child ṣe. Linux ló ń darí rẹ̀, ojú tí àwọn ọmọ ń rí sì ni Sugar. Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ Sugar ṣí sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ lè wo inú ètò tó ń lò. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ìrántí 256 MB àti àyè ìpamọ́ 1 GB ni ẹ̀rọ náà ní. Lónìí, ìwé ìlànà àwọn tó ń ṣe Chromium ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e dìde wá àyè tó tó 100 GB. Ẹ fi ìwọ̀n méjèèjì wé ara wọn, ẹ ó rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣẹ àti agbára.

Ọ̀rọ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ̀ Ọ́n Kà

Ètò adarí nìkan kọ́ ni kì í wọ́pọ̀. Èdè tí a ń sọ sí i lè má wọ́pọ̀ pẹ̀lú, ìṣòro kan náà ni wọ́n sì ń bí. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, jáde ní 1991. Ó ní nọ́ńbà fún ẹ, fún ọ àti fún ṣ. Ṣùgbọ́n ọ̀ tó ní ohùn ìsàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni a ó tò pọ̀, ti ọ àti ti àmì. Nítorí náà, lẹ́tà mẹ́ta ni ọmọ Yorùbá yóò kà nínú "ọ̀rọ̀". Kọ̀ǹpútà lè ka márùn-ún. Bí àmì abẹ́ pẹ̀lú bá dá dúró, yóò ka méje. Ètò tí ẹni tó kọ ọ́ gbà pé lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan, yóò gé ọ̀rọ̀ wa sí méjì láàárín lẹ́tà, tàbí kó sọ pé òun wá ọ̀rọ̀ kan tí òun kò rí i, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà níwájú rẹ̀. NUXI náà ni. Ohun tí àáfà wa bá pàdé nínú lẹ́tà Lárúbáwá náà ni.

Àbùlẹ̀ Tó Padà Sí Orísun

Báwo ni àwọn tó wà lórí ètò adarí tí kò wọ́pọ̀ ṣe ń yè é? Ọgbọ́n méjì ni ìtàn fi hàn wá. Èkíní ni pé kí a kó ọgbọ́n jọ sójú kan. Láti 1994 ni FreeBSD ti ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní ports. Fún ètò kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ibi tí a ti lè rí i sílẹ̀, àbùlẹ̀ tí ó nílò, àti bí a ṣe ń gbé e dìde. Àwọn ètò inú àkójọ náà ti lé ní 30,000. NetBSD bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, pkgsrc, ní 1997, wọ́n sì ṣe é kí ó lè wúlò lórí ètò adarí àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ẹni tó bá yanjú ìṣòro kan ní ìlú kan ti yanjú rẹ̀ fún gbogbo ará ilé.

Ọgbọ́n kejì lágbára ju èkíní lọ: kí a dá àbùlẹ̀ padà sí ọwọ́ ẹni tó ni ètò, kí ó hun ún mọ́ aṣọ. Àbùlẹ̀ tí a fi pamọ́ sílé, iṣẹ́ ọdọọdún ni. Àbùlẹ̀ tó padà sí orísun, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni bí orí bá ṣe é. Kò rọrùn. Ẹni tó ni ètò lè kọ̀ ọ́. Ó lè ní òun kò ní ẹ̀rọ tí òun yóò fi dán an wò. Ó lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá gbà á, ìbéèrè tí ẹnì kankan kò mọ̀ pé ó wà ti di ohun tí a kọ sínú ètò náà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní kọsẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ẹ rántí ìyàtọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ìmọ̀ àwọn àáfà tó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá kò kéré sí ti àwọn tó jókòó ní Èkó ní 1875. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọgbọ́n àwọn kan dúró sínú tákàdá wọn, ti àwọn kejì sì di ti gbogbo ènìyàn.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni èyí jẹ́ fún wa ní Ìwó? Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá fẹ́ gbé ètò dìde láti ìpìlẹ̀ nílò iná tí kò ní lọ láàárín iṣẹ́, nítorí pé ògbufọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ẹ̀rọ tó gbó. Ó nílò dátà láti fa àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ wá láti òkè òkun, àti láti fa gbogbo àká tí ètò náà fi ara tì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ogún bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ̀ẹ̀mejìlélógún kọ́, ṣùgbọ́n ó kéré tán ẹ̀ẹ̀ogún ni wọn yóò san owó náà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo gbé ka iwájú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Kí a ní ẹ̀rọ kan tí yóò máa tọ́jú ẹ̀dà àwọn ètò aṣísílẹ̀ pàtàkì síhìn-ín, kí a fà á wá lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ènìyàn sì lò ó. Kí a ní ìwé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ ìṣòro tí ó bá pàdé sí, àti ọ̀nà tí ó gbà yanjú rẹ̀, kí ọmọ ọdún tó ń bọ̀ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí í ṣe olórí wọn: kí a máa ka àbùlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí orísun, tí wọ́n sì gbà, sí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tó yẹ ní fífún ní máàkì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka àròkọ àti ìdánwò sí. Ohun tí a kò bá fún ní iyì, ọmọ kò ní fi ọwọ́ pàtàkì mú un.

Ní 1977, Wollongong kò dúró de ẹni tó dá Unix sílẹ̀ kó wá bá a tún ilé ṣe. Ìwó pàápàá kò ní láti dúró. Àwọn tó ń kọ ètò ní òkè òkun kò lè béèrè èèwọ̀ ìlú tí wọn kò mọ̀ pé ó wà. Àwa ni a mọ̀ ọ́n. Àwa ni yóò sọ fún wọn, ní èdè tí ètò wọn gbọ́, títí wọn yóò fi kọ orúkọ ìlú wa sínú ìwé tí àlejò ń gbé dání.